Ọkọ, Ìyàwó àti Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí

Ní ọdún 1997, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Invention of Women. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ló kọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àwùjọ ní Berkeley. Ọ̀rọ̀ tó bá wá kò lábùlà. Ó ní kí òyìnbó tó gbé ìjọba wọn dé, àwọn Ọ̀yọ́ kì í wo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ènìyàn kí wọ́n tó mọ ipò tí wọ́n máa fi í sí. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ń bẹ, wọ́n mọ̀ pé obìnrin ń bẹ, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń sọ ẹni tó máa pàṣẹ, ẹni tó máa jẹ oyè, ẹni tó máa rìnrìn òwò tàbí ẹni tó máa kúnlẹ̀. Ọjọ́ orí àti ọjọ́ tí ènìyàn wọ agbo ilé ló ń sọ ọ́. Ní ti pé kí a kó gbogbo obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kan nísàlẹ̀, kí gbogbo ọkùnrin wà lókè wọn, ó ní àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn akọ̀wé tiwa náà ni wọ́n jọ kọ́ ilé yẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ dá ìwé náà lọ́lá. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn ará Sípéènì, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà ti àwọn ará Brazil jáde ní 2021. Lọ́dún yẹn kan náà ni African Studies Association fún Oyěwùmí ní àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n fi ń dá àgbà onímọ̀ nípa Áfíríkà lọ́lá. Yunifásítì Stony Brook ní ìpínlẹ̀ New York ló ti ń kọ́ni. Èmi kò tíì rí ìwé náà kà ní Yorùbá, ó sì ń dùn mí, nítorí bí ìwé kan bá wà tó yẹ kí wọ́n jókòó jiyàn lé lórí ní ọjà Ìkòtún, òun ni.

Mo ní ìdí tí mo fi dárúkọ Ìkòtún. Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn 2006 sọ pé a lé ní 1,200,000. Ìjọba Èkó kò gbà, wọ́n ní a lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn Àwórì ló nilẹ̀, láti Ìṣẹrí Olófin títí dé Ìgàndó, ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà ti wá: Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gbá, ilẹ̀ Ìgbò, Àgbádárìgì. Ìwé tó bá ní òun mọ bí Yorùbá ṣe ń to ènìyàn sípò, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró níwájú wa.

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró. Orí kejì ló lágbára jù, níbi tó ti tú ìdílé palẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nínú agbo ilé Ọ̀yọ́, ẹni tó fẹ́ obìnrin sílé nìkan kọ́ ni ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé tó ti wà níbẹ̀ kó tó wọlé, àtọkùnrin àtobìnrin, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ẹni a bá lábà ni baba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: a kì í bèèrè akọ tàbí abo kí á tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ bu ẹran.

Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìgàndó, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ń ta léèsì àti ańkárá, kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń retí èsì JAMB. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Ó ń bi í bóyá kí òun fi pọ̀nmọ́ kún un. Ọmọ náà gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó tó, ó sì ń bá fóònù rẹ̀ lọ. Àbúrò ọkọ obìnrin yẹn ni. Bí ẹ bá gbé gbogbo ìwé tí àwọn ajà-fẹ́tọ̀ọ́-obìnrin ilẹ̀ òkèèrè kọ nípa bí ọkùnrin ṣe ń jẹ gàba lórí obìnrin wá síbẹ̀, wọn ò ní lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Oyěwùmí lè sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Fún èyí nìkan, ó ti ṣe wá lóore.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró síbi ìsọmọlórúkọ náà díẹ̀ sí i, kí á wo bàbá ọmọ tuntun. Òun náà jẹ́ àna nílé àwọn òbí ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ ìdána, ó gbé iṣu, epo àti oyin lọ, ó sì ṣeé ṣe kó máa dọ̀bálẹ̀ títí di òní. Àmọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn ló padà sí ilé ara rẹ̀. Ìyàwó ló di ẹrù, ìyàwó ló fi ilé tó ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, tó wá di àbúrò gbogbo ilé níbòmíràn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ló ń sọ ipò rẹ̀, tó sì jẹ́ pé obìnrin nìkan ni ìgbéyàwó ń gbé wọlé, òfin tó dà bíi pé kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sán. Oyěwùmí rí èyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìyàwó ní ilé kan, ọkọ ni ní ilé kejì, ìyẹn ilé baba rẹ̀, níbi tí àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ fún òun náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ mélòó ló ń lò nílé baba rẹ̀ lọ́dún, kí ẹ wá wo ọjọ́ tó ń lò nídìí ààrò ilé ọkọ. Ìwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba rárá, ìwé náà sì ń kọ ọ́ bíi pé wọ́n dọ́gba.

Ibí yìí gan-an ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi àgbà rọ́pò akọ, ó sì ṣe bíi pé bí a bá ti pe agbára ní àgbà, ó ti rọ̀. Bibi Bakare-Yusuf, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lára àwọn tó dá ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic sílẹ̀, ti sọ ọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn pé agbára kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, àti pé ọ̀wọ̀ àgbà lè jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìyà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyàwó tí ìyakọ àti àwọn ìyá ọkọ kékeré sọ di ẹrú nínú ilé, tí wọ́n sì ní kó fara dà á nítorí àgbà ni wọ́n, mọ̀ pé Bakare-Yusuf kò parọ́. Pé obìnrin ló ń fìyà jẹ obìnrin níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí kò kan akọ àti abo; ìyà náà ṣáà mọ ẹni tí yóò wá.

Ohun kejì tí Bakare-Yusuf sọ kò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ ká gbọ́ ọ. Oyěwùmí gbára lé èdè púpọ̀. Ó ní "ó" wa kò sọ akọ tàbí abo, ọmọ wa kò sọ ọ́, àbúrò wa kò sọ ọ́. Ó dáa. Èdè àwọn ará Tọ́kì àti ti àwọn ará Páṣíà náà ní irú "ó" yìí, kò sì sí òpìtàn tó máa sọ pé tọkùnrin tobìnrin dọ́gba ní ààfin àwọn Sọ́táànì. Èdè lè gba ènìyàn láyè láti má sọ nǹkan, kí gbogbo ará ilé sì mọ nǹkan náà. Ibi tí ẹ̀rí èdè rẹ̀ ti wọlé sí mi lára jù ni ìparí ìwé náà, níbi tó ti kíyè sí bí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò ṣe ń gbé akọ àti abo wọ inú ìpè wa. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kí ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń pe ẹni tó jù wọ́n lọ: bọ̀ọ̀dá, àǹtí. "Ẹ̀gbọ́n" ṣì wà, àmọ́ àwọn ọmọ géńdé ibùdókọ̀ ló ń fi pe ara wọn báyìí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọkùnrin pátápátá lẹ́nu wọn.

Orí kẹta, lórí ìtàn Ọ̀yọ́, ni mo kà lákàtúnkà. Samuel Johnson, àlùfáà Áńgílíkà, parí The History of the Yorubas ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo wa ti ń ka àwọn Aláàfin bí ọkùnrin láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Oyěwùmí bi Johnson ní ìbéèrè tí púpọ̀ nínú wa kò ronú kàn. Àwọn arọ́kin, tó ń pa ìtàn ọba mọ́ lẹ́nu, ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá: "ó jọba," "ó wàjà." Nígbà tí Johnson máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni kó yan akọ tàbí abo, ó sì yan akọ. Bẹ́ẹ̀ Johnson yìí kan náà ló kọ ọ́ pé Ìyáyùn dé adé, ó wọ aṣọ ọba, ó sì ṣàkóso títí ọmọ rẹ̀ fi dàgbà tó. Ní ti Orompọ̀tọ̀, tó jọba nígbà tí Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho, ìtàn ẹnu tí òpìtàn Robert Smith gbà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 sọ pé obìnrin ni. Mo gbà pẹ̀lú Oyěwùmí pé a kò lè ka orúkọ kan nínú ìlà yẹn mọ́ kí á fọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin ni, àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá wà.

Ìtàn Orompọ̀tọ̀ tún ní apá kan tó takò Oyěwùmí. Ẹ̀dà kan nínú rẹ̀ sọ pé obìnrin náà yí padà di ọkùnrin kó tó gorí ìtẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àfikún ìgbà ìkẹyìn ni. Bó bá sì jẹ́ ti àtijọ́, a jẹ́ pé àwọn ará Ìgbòho ti rí i pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé bí obìnrin ṣe dé orí ìtẹ́, ohun tó sì nílò àlàyé kì í ṣe ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi ò rò pé ìtàn yìí wó ìwé náà. Ó kàn fi hàn pé "kò sí rárá" tó ń tẹnu mọ́ ga ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé. Ká ní ó sọ pé ó wà, àmọ́ kò le, kò sì dé ibi gbogbo, ì bá ti ṣòro láti jà á níyàn.

Ibi tí Oyěwùmí jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Ọdún 1973 ni bàbá rẹ̀, Ọba Oládùńní Oyěwùmí, Ajagungbadé Kẹta, gorí ìtẹ́ Sọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà ní 2021. Ọmọ rẹ̀ kò fi èyí pa mọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé ààfin wà lára ibi tí òun ti kọ́ ohun tí òun mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè jókòó ti àwọn àgbà, kó sì bá obìnrin tó jẹ́ baálẹ̀ Máyà sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọmọ ọba obìnrin ni ọkọ gbogbo ìlú. Láti orí àga yẹn, ètò ọkọ àti ìyàwó dùn ún wò. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyàwó tó dé kẹ́yìn sí ààfin máa sọ nípa ètò kan náà, n kò sì gbọ́ ọ tó nínú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀ kọ "Ọ̀yọ́-Yorùbá" tìṣọ́ratìṣọ́ra, àwa òǹkàwé la sọ ọ́ di "Yorùbá" lásán. Àwórì kò sí lábẹ́ Ọ̀yọ́ bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe wà, ìlú wọn kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; kí ẹni tó ń lo ìwé yìí ní Ìkòtún rántí.

Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tó wà ní orí kẹrin, ó bọ́ sọ́nà tiwa gan-an. Ó ní nígbà tí òyìnbó gba Èkó ní 1861, tí títà ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ẹbí bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin díẹ̀ tí ìjọba ń pè ní olórí ẹbí. Ẹni tó bá ti ra púlọ́ọ̀tì ní Ìgàndó mọ bí ìwé ẹbí ṣe ń rí: olórí ẹbí á tẹ̀ka, akọ̀wé á tẹ̀ka, àwọn àgbààgbà ẹbí á tẹ̀ka tẹ̀lé e. Ẹ ka orúkọ wọn wálẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ẹ tó kan obìnrin. Oyěwùmí á ní iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1908, fún un ní ìdajì. Àwọn àgbà tó jẹ́rìí nípa àṣà sọ fún kóòtù, kóòtù sì gbà, pé bí Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, bá kú, ọmọ baba tó kù tó dàgbà jù ni yóò di olórí ẹbí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Ọjọ́ orí borí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ jókòó: ọkùnrin ni, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tilẹ̀ wà láàyè. Nínú ìdájọ́ kan ṣoṣo yìí, ètò àgbà àti ètò akọ jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì jọ mí lójú pé bẹ́ẹ̀ ni ayé wa ṣe rí, kí òyìnbó tó dé àti lẹ́yìn tó dé.

Ní 2003 Oyěwùmí ṣàkójọ ìwé kan lórí bí àwọn obìnrin òyìnbó ṣe ń pe gbogbo obìnrin ayé ní ọmọ ẹbí kan, ó sì fi ọmọ ìyá tiwa dá wọn lóhùn: ẹni tí ẹ jọ ti inú kan jáde, akọ ni àbí abo, òun ni alábàárò rẹ. Ìdáhùn tó múná ni, mi ò ní ohun púpọ̀ láti fi kún un.

Ìwé rẹ̀ ti 2016, What Gender Is Motherhood?, ló gbà mí lákòókò. Níbẹ̀ ni ó ti ní ìyá ga ju akọ àti abo lọ, pé àjọṣe ìyá àti ọmọ ti wà láti ọ̀run, níbi akúnlẹ̀yàn, kí ọkọ tó wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó bi àwọn tó ń kọ nípa Ifá léèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọkùnrin nìkan ló ni ín. Ó tún wo orúkọ àti oríkì. Ó ní oríkì tó ń dá ọkùnrin mọ̀ yàtọ̀ sí obìnrin, irú Àjàní àti Àbẹ̀ní, kò lọ́jọ́ lórí bí a ṣe rò. Orí yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó fara balẹ̀ jù lójú mi, nítorí ó gbà níbẹ̀ pé nǹkan ń yí díẹ̀díẹ̀ láti inú àwùjọ fúnra rẹ̀, kò di gbogbo rẹ̀ ru òyìnbó. Àmọ́ ó tún gbé ìyá sórí àga tó ga jù. Ìyá ni ibi tí ọlá obìnrin ti pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá ń wá ibi tí obìnrin kò ti sí nísàlẹ̀, dájúdájú a máa rí i níbẹ̀. Àgàn ńkọ́? Ìyàwó tí kò tíì bí ńkọ́? Wọn kò rí àyè púpọ̀ nínú ìwé náà.

Ní ti ìbálòpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Onímọ̀ kan, Lorand Matory, kọ ní 1994 nípa àwọn elégùn Ṣàngó ní agbègbè Ìgbòho, àwọn ọkùnrin tó ń dirun bí obìnrin tí wọ́n sì ń jẹ́ ìyàwó òrìṣà, ó sì ka ìtumọ̀ akọ àti abo sínú gígùn tí òrìṣà ń gun ènìyàn. Oyěwùmí bá a jà gidigidi, ó ní ìyàwó níbẹ̀ kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé òrìṣà lọ. Mo rò pé ó jàre lórí Matory nínú ohun tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn yẹn, kò sì ṣí òmíràn. Láti oṣù kìíní 2014 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin tó lè rán akọ tó bá fẹ́ akọ, tàbí abo tó bá fẹ́ abo, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14, "àṣà wa" ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹnu ń sọ. Kò sí onímọ̀ tó mọ̀ jù ú lọ nípa bí wọ́n ṣe ń hun ohun tuntun tí wọ́n á sì pè é ní àṣà àtayébáyé. Ohùn rẹ̀ ni mo ń wá lórí èyí, ìwé méjèèjì kò sì fún mi.

Ó ku ohun kan tí ìwé rẹ̀ kò tíì bá wa débẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 2000, ó ní ìdílé ọkọ, aya àti ọmọ nìkan, tó dá wà lábẹ́ òrùlé kan, ti òyìnbó ni, pé orí rẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀kọ́ wọn nípa obìnrin kà. Nílé ayálégbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní yàrá kan àti pálọ̀ tí lọ́kọláyà kan ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìdílé yẹn náà ni tiwa báyìí. Àwọn ọkọ obìnrin kò sí nítòsí láti pàṣẹ fún ìyàwó, wọn kò sì sí nítòsí láti bá a gba ọkọ rẹ̀ sọ́nà nígbà tó bá gbé ọwọ́ sókè. Ilé baba rẹ̀, níbi tí òun náà ti jẹ́ ọkọ, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó mọ́tò sì ti wọ́n. Ọkùnrin tó wà nínú yàrá náà nìkan ló kù tó ń jẹ́ ọkọ.